Ajílẹ̀, Koríko Pápá àti Ọ̀dá: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Ìwó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n orí pápá ìṣeré ni mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú àròkọ kékeré yìí, mo fẹ́ ṣe àlàyé bí ajílẹ̀ tí náítírójìn wà nínú rẹ̀ ṣe lè ran koríko lọ́wọ́, tàbí kí ó ṣe é ní ibi, nígbà ọ̀dá.

Ohun tí ojú mi rí

Kí n tó wọ yunifásítì, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ni a ń tọ́jú pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé wa ní Ìwó. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún kan, nígbà tí ìdíje eré ìje ku oṣù mẹ́rin, a da àpò yúríà mẹ́ta sí orí pápá náà kí ó lè tutù títí di ọjọ́ ìdíje. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, koríko tutù yọ̀yọ̀, inú wa sì dùn. Òjò dá, ọyẹ́ dé. Kí oṣù kìíní tó parí, pápá ti gbẹ bí ẹní àtijọ́; inú eruku ni a ti sáré ní ọjọ́ ìdíje.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé igun kan tí ajílẹ̀ wa kò dé kò gbẹ tán. Bàbá tí ó ń tọ́jú ọgbà ilé-ìwé fi àdá wú koríko níhà méjèèjì. Gbòǹgbò èyí tí a bọ́ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ti igun yẹn wọlẹ̀ jù ú lọ dáadáa. Bàbá ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ewé ni ẹ bọ́, ẹ kò bọ́ gbòǹgbò.”

Ìdí abájọ

Náítírójìn ni koríko fi ń ṣe ewé tútù. Nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́, nǹkan bí 78 ni náítírójìn, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò koríko ti ń gbà á. Bí ó bá pọ̀ jù, ohun mẹ́ta ni í ṣẹlẹ̀. Èkíní, koríko a kó agbára rẹ̀ sí ewé, a sì ná oúnjẹ tí ì bá fi pamọ́ de ọ̀dá. Èkejì, ewé tí ó pọ̀ tí ó sì rọ̀ a máa tú omi sí afẹ́fẹ́ ju ewé líle lọ. Ẹ̀kẹta, bí omi kò bá fọ ajílẹ̀ wọlẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ a máa jó ewé, kì í sì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà. Koríko bẹ́ẹ̀ dà bí baálé tí ó kó èrò rẹpẹtẹ sílé tí kò sì gbẹ́ kànga.

Ilẹ̀ wa náà dá kún un. Nínú ìwé tí Smyth àti Montgomery gbé jáde ní 1962 lórí ilẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n fi orúkọ Ìwó pe ọ̀wọ́ ilẹ̀ kan tí ó ti ara akọ òkúta oníhóró ńláńlá wá. Òkè ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ oníyanrìn. Ó tètè ń gbẹ, òjò ńlá sì tètè ń gbá ajílẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ìwọ̀n àti àkókò

Èyí kò ní kí a má lo ajílẹ̀ rárá. Koríko tí ebi náítírójìn ń pa a máa pọ́n, a sì fọ́nká. Oòrùn a máa jó ilẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ láàárín rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ pàápàá kì í sì í lágbára. Gíráàmù 5 náítírójìn sí mítà kan níbùú lóòró tó fún ẹ̀ẹ̀kan. Nínú kílò 100 yúríà, 46 ni náítírójìn. Nítorí náà, pápá tí ó gùn ní mítà 105, tí ó sì fẹ̀ ní 68, gba nǹkan bí kílò 78 yúríà, ìyẹn àpò oníkílò 50 kan àti ààbọ̀. Pápá tiwa kò tó èyí. A jẹ́ pé ohun tí a dà ju ìlọ́po méjì lọ, a sì dà á nígbà tí òjò ń lọ sílé.

Ó yẹ kí a fún koríko ní ajílẹ̀ nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí a sì dáwọ́ dúró nígbà tí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí òjò dá. Pòtásíọ̀mù ni ó wúlò ní ìparí òjò, nítorí òun ni ó ń ran koríko lọ́wọ́ láti ṣí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ewé àti láti pa wọ́n dé kí omi má baà ṣòfò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí a má gé koríko mọ́lẹ̀ jù. Bí omi bá wà, kí a bomi rin ín kí ó jìn lẹ́ẹ̀kan. Ó sàn ju wíwọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lọ.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn kan ti bi mí pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ koríko. Èsì mi ni pé èdè Yorùbá ni Bàbá fi sọ ìdí tí pápá wa fi kú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ sì ni ó lò. Iṣẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni láti fi ìwọ̀n àti àlàyé kún un, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú àṣìṣe wa. Bí òjò bá ń lọ sílé, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ dáwọ́ ajílẹ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò wá omi lọ.