Ohun Tó Ti Wà Létí Wa Kí Aláìsàn Tó Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ní Ẹdẹ, ìlú onílù lẹ wà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbà bá yín sọ̀rọ̀. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tó jọba láti 1946 sí 1975, fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ẹni tó mọ dùndún mọ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbé jáde. Ìlù kan ṣoṣo lè gba ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ohun tó ti wà lọ́kàn olùgbọ́ ló sì máa fi ń dí àlàfo. Ẹni tínú ń bí lè gbọ́ èébú níbi tí onílù ti ń kì í. Bí etí wa ṣe ń ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé ìṣòro wá bá wa náà nìyẹn. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé iṣẹ́ kan náà ni mímọ ọ̀rọ̀ gbọ́ àti mímọ ara ẹni.

Ní 1984, Beckman àti Frankel gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ìpàdé 74 láàárín dókítà àti aláìsàn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 18, ní ìpíndọ́gba, dókítà ti já lu ọ̀rọ̀. Díẹ̀ péré nínú àwọn aláìsàn ló sọ tẹnu wọn tán. N kò rò pé ìkà ni àwọn dókítà náà. Ẹni tó bá rò pé òun ti mọ ìyókù kì í lè dúró. Ọmọbìnrin kan á ní ọkọ òun kì í sùn sílé mọ́. Agbaninímọ̀ràn tí bàbá rẹ̀ kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ á ti dá ẹjọ́ náà kí ó tó délẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ayé sú òun, a ó sì sáré dáhùn pé “Ọlọ́run ò ní í jẹ́.” Àdúrà dára, ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, ẹ̀rù tiwa ló ń gbé e jáde báyẹn. Ohun tí onítọ̀hún á gbọ́ ni pé kí òun má sọ ọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti bi í bóyá ó ti ń ro ikú.

Ẹ óò ní ìmọ̀ràn ni àwọn èèyàn wa ń wá, pé wọ́n á ní ẹni tó dákẹ́ kò mọ nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Sìmbábúwè, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tí ìrònú ń dà láàmú. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbani nímọ̀ràn ju ìyá àgbà lọ? Síbẹ̀, a kọ́ wọn kí wọ́n jẹ́ kí onítọ̀hún ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, kó mú ìṣòro kan, kó wá ọ̀nà àbáyọ, kí wọ́n sì máa tì í lẹ́yìn. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2016 lórí èèyàn 573, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣì wà lára nǹkan bí 14 nínú 100 àwọn tó jókòó pẹ̀lú ìyá àgbà. Láàárín àwọn tí kò rí irú ìtọ́jú yìí, ó tó nǹkan bí 50 nínú 100. Bí ẹ bá sì ní èrò pọ̀ ní ilé ìwòsàn, pé kò sí àyè láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ìwádìí kan ní ìlú Basel ní 2002 fi hàn pé bí dókítà kò bá já lu ọ̀rọ̀, aláìsàn 335 lo ìṣẹ́jú àáyá 92 ní ìpíndọ́gba láti fi sọ tẹnu wọn. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kó gbà á.

Ẹlòmíràn á ní òun ti mọ ara òun. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí onítọ̀hún sọ sí apá kan ìwé. Ní apá kejì, ẹ kọ ibi tínú ti bí yín, ibi tí oorun ti kùn yín, ibi tí ẹ ti fẹ́ sáré gbà á là. Ẹ gbé e lọ bá àgbà iṣẹ́, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, láìdárúkọ agboolé pàápàá, torí ní Ẹdẹ, agboolé nìkan ti tó láti fi mọ ẹni. Níwájú aláìsàn, kí ẹ tó fèsì, ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ padà fún un ní ṣókí, kí ẹ bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló wí. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn, Carl Rogers àti Richard Farson, ti kọ èyí sílẹ̀ láti 1957. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì jọ ti ilé yín débi pé ẹ kò lè gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ẹ fà á lé ẹlẹ́gbẹ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ ṣàlàyé fún aláìsàn náà pé ẹ kò kọ̀ ọ́.