Yíyọ Gásíkẹ́ẹ̀tì Àtijọ́ Lára Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù

Bí ìyá wa bá ń se mọ́ínmọ́ín, a máa tẹ́ ewé lé ẹnu ìkòkò kí ó tó fi ọmọrí dé e. Ewé yìí ni kì í jẹ́ kí ooru sá jáde láàárín ọmọrí àti ẹnu ìkòkò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni gásíkẹ́ẹ̀tì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì alùpùpù. Níbi tí irin méjì bá ti pàdé, bí ojú wọn tilẹ̀ ń dán bí dígí, àlàfo kéékèèké kò ní ṣàì wà láàárín wọn. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó ń dí àlàfo náà, kí ọ́ìlì má baà jò síta, kí agbára iná tí ń jó nínú sìlíńdà má sì baà sá lọ. Èyí tí ó wà lára ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì sábà máa ń jẹ́ pépà líle. Èyí tí ó wà lábẹ́ orí sìlíńdà, tí ó ń fara da iná, a sábà máa ní irin nínú.

Gásíkẹ́ẹ̀tì a máa gbó. Ooru a máa gbẹ ẹ́ títí yóò fi le koko, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ irin bí ẹ̀kọ tí ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Bí a bá tú ẹ́ńjìnnì, tuntun ni ó yẹ kí a fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n tuntun kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ibi tí yóò jókòó sí kò bá mọ́. Ẹni tí kò gbálẹ̀ kí ó tó tẹ́ ẹní, orí òkúta ni yóò sùn.

Mo rí ọmọ-iṣẹ́ mẹkáníìkì kan rí tí ó ń kánjú. Alùpùpù tí ó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ti ọlọ́kadà kan tí ó fi ń bọ́ aya àti ọmọ. Bí ìdérí ẹ́ńjìnnì ti kọ̀ tí kò ṣí, ọmọ náà ki síkúrúdíráfà bọ àárín rẹ̀, ó sì fi òòlù gbá a. Ìdérí ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpá kan tí kò fẹ̀ ju irun orí lọ wà lójú rẹ̀. Ọmọ náà fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó sì dè é pa. Ní ọjọ́ kẹta, ọlọ́kadà náà ti alùpùpù rẹ̀ padà dé, ọ́ìlì ti mú ṣòkòtò rẹ̀ rin gbindin. Bí ó bá tún rin ìrìn díẹ̀ sí i ni, ọ́ìlì ìbá tán, irin ìbá sì jẹ irin. Ọ̀gá ọmọ náà tẹ́ sáńpépà sórí dígí, ó ń yí ìdérí náà lórí rẹ̀ títí àpá fi parẹ́. Iṣẹ́ wákàtí kan di iṣẹ́ ọjọ́ méjì, ọlọ́kadà náà kò sì rí kọ́bọ̀ gbé wọlé ní ọjọ́ méjèèjì.

Báwo, nígbà náà, ni ó ṣe yẹ kí a ṣe é? Lákọ̀ọ́kọ́, kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí a sì da ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú agolo. Kí a tú àwọn bóòtù díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tí ó dojú kọ ọ́. Nítorí pé bóòtù a máa gùn ju ara wọn lọ, kí a ya àwòrán ìdérí náà sára páálí, kí a dá ihò sí i, kí a sì fi bóòtù kọ̀ọ̀kan sí ihò tirẹ̀. Bí ìdérí bá kọ̀, òòlù onígi tàbí onírọ́bà ni kí a fi rọra gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká.

Lẹ́yìn èyí, kí a fi àkísà mímọ́ dí gbogbo ihò tí ó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kí a fi tínà rẹ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà kí ó lè rọ̀. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe èyí, jìnnà sí iná àti sìgá. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ara ẹ́ńjìnnì, ó sì rọ̀ ju irin dúdú lọ. Nítorí náà, igi líle tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, tàbí ike, ni kí a fi fá a. Bí ó bá di dandan kí a lo abẹ, kí a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kí ẹnu rẹ̀ má baà gún irin. A kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ ìlọrin tí ń yí bírí: èérún rẹ̀, tí ó kúnná bí ìyẹ̀fun, a máa bá ọ́ìlì lọ sí ibi tí irin ti ń yí, a sì jẹ ẹ́ run. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé gásíkẹ́ẹ̀tì àwọn alùpùpù àtijọ́ mìíràn ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fá a ní gbígbẹ, tí a kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu fẹ́ ẹ dànù.

Nígbà tí ó bá kúrò tán, kí a fi àkísà tí a rẹ sínú tínà nu ojú irin náà títí àkísà kò fi ní dúdú mọ́. Kí a nu ihò bóòtù pẹ̀lú, nítorí pé ọ́ìlì tí ó há sínú ihò tí kò ní ẹnu kejì lè la irin nígbà tí a bá ń de bóòtù. Kí a wá dá rúlà irin dúró ní ìbú àti ní òòró lójú ibẹ̀, kí a wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Fún orí sìlíńdà, àwọn ìwé ìtọ́ni mìíràn kì í gbà kí ó wọ́ ju 0.05 mílímítà lọ.

Bí ìwé ìtọ́ni kò bá sọ pé kí a fi gọ́ọ̀mù sí i, ní gbígbẹ ni kí a fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lélẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gọ́ọ̀mù púpọ̀ ni yóò bo àìmọ́ mọ́lẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé èyí tí ó bá ṣẹ́kù a máa yọ́ wọ inú, a sì dí ọ̀nà ọ́ìlì. Ní ìparí, kí a de àwọn bóòtù láti igun sí igun, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó tó le.

Ẹ kò rí i pé agbára kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́? Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ni yóò rí ìfun nínú èèrà.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ewé ẹnu ìkòkò fi jọ gásíkẹ́ẹ̀tì?
2. Àṣìṣe wo ni ọmọ-iṣẹ́ náà ṣe, ta ni ó sì jìyà rẹ̀?
3. Kí ni ìdí tí a fi ń fi bóòtù sára páálí?
4. Sọ ewu méjì tí ó wà nínú èérún àti eruku.
5. Kọ àròkọ kan lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí o mọ̀, tí ìkánjú lè bàjẹ́.