Òróró, Àdí, Epo Pupa: Ọ̀kan Náà Ni Níwájú Òfin Iṣẹ́ Ipá

Lọ́jà, epo pupa ní ìsọ̀ tirẹ̀, òróró ní tirẹ̀, àdí ní tirẹ̀, iye wọn ò sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di ti iṣẹ́ ipá, òfin Amẹ́ríkà kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwa tí à ń di epo ránṣẹ́ sọ́hùn-ún, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n.

Nǹkan méjì ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Èyí tó le jù ni abala 307 òfin owó ibodè ti 1930. Ó ní ọjà tí a fi iṣẹ́ ipá ṣe, ì báà jẹ́ apá kan rẹ̀ péré, kò gbọdọ̀ wọ Amẹ́ríkà. "Apá kan" yẹn gan-an ni kókó. Ẹ gbé epo lọ sílé iṣẹ́, ẹ sè é títí á fi mọ́, ẹ yọ òróró, ẹ fi ìyókù ṣe ọṣẹ: ọwọ́ tó kọ ẹyìn ṣì wà nínú ọṣẹ náà.

Ní September 30, 2020, kọ́sítọ́ọ̀mù wọn dá epo FGV ti Malaysia dúró, àtepo àtohun tí a fi epo náà ṣe. Wọ́n tọ́ka sí ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà pamọ́, owó iṣẹ́ tí kò jáde, àti gbèsè tó so èèyàn mọ́ oko. Ẹ̀yin àgbà, kí ni ìyẹn bí kò ṣe ìwọ̀fà? Nígbà tó di December 30, ó kan Sime Darby. Ìyẹn dá owó tí àwọn òṣìṣẹ́ san kí wọ́n tó ríṣẹ́ padà fún wọn. Ní 2023, wọ́n tú u sílẹ̀.

Èkejì ni ìwé tí ẹ̀ka ìjọba wọn tó ń bójú tó iṣẹ́ ń kọ látọdún 2009. Ìyẹn kì í gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, ó kàn ń dárúkọ ọjà àti orílẹ̀-èdè ni. Kòkó Nàìjíríà wà níbẹ̀. Láti 2022, wọ́n ti ń tọ ẹyìn Indonesia dé inú òróró.

Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ ṣa ẹyìn díẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé kọ́ ni wọ́n ń bá wí o. Ẹni tí ò lè kúrò lóko nítorí gbèsè ni. Abala 34 òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 náà sì kọ iṣẹ́ ipá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra epo tí ẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ béèrè ẹni tó kọ ẹyìn àti bí wọ́n ṣe ń sanwó fún un. Ẹ kọ orúkọ oko, ọjọ́ àti iye kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ẹ má da epo oko mẹ́ta pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan, torí tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi orísun rẹ̀ hàn, èwo lẹ máa tọ́ka sí?