Láti Ilé Ìkẹ́rùsí dé Ẹnu Ọ̀nà Opó: Ẹ̀kọ́ Lórí Pípín Ohun Ìrànwọ́ Nígbà Àjálù

Ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà wa yìí gan-an ni mo yàn láti fi ṣe ẹ̀kọ́, nítorí pé àwọn àbúrò wa tí wọ́n wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ kéré jù nígbà náà láti rántí rẹ̀ dáadáa.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ sé Èkó mọ́ nítorí àrùn Kòrónà. Ẹni tí ń ta ọjà ní Alábà, ẹni tí ń wa kẹ̀kẹ́ láti Ìbà sí Okokomaiko, ẹni tí ń fi àwọ̀n wá oúnjẹ òòjọ́, ọ̀nà gbogbo wọn dí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá dá owó jọ lábẹ́ àjọ CACOVID, wọ́n sì ra ìrẹsì, gààrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn láti pín káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà ní Nàìjíríà. Oṣù ń gorí oṣù. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, àwọn ènìyàn fọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì tí àwa náà ń gbà wọ ìgboro, wọ́n sì bá oúnjẹ náà níbẹ̀.

CACOVID ṣàlàyé pé ọjà tí àwọn bèèrè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é tán. Àwọn gómìnà ní àwọn ìpínlẹ̀ kan fi díẹ̀ pamọ́ de ìgbà tí àrùn náà bá tún padà wá. Èmi kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa, n kò sì fọwọ́ sí fífọ́ ilé onílé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìrànwọ́ kì í parí níbi tí a ti sanwó ọjà. Ibẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò gbé e? Ọ̀nà wo ni yóò gbà? Orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé?

A kà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 41 pé Jósẹ́fù gba ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè Íjíbítì fún ọdún méje. Àwa oníwàásù a máa yin ọgbọ́n ìfipamọ́ rẹ̀, a sì máa ń fo ibi tí ó ṣe kókó: kò kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Ìkórè tí ó yí ìlú kọ̀ọ̀kan ká, inú ìlú náà ni ó kó o pamọ́ sí, nígbà tí ebi sì dé, ó ṣí àká. (Òótọ́ ni pé ṣe ni ó tà á. Ìwàásù ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò tí ó fi ní ilé ìkẹ́rùsí ní Accra, kí ohun èlò ìrànwọ́ lè wà nítòsí kí àjálù tó dé bá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìjọ Ọlọ́run ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú ìnira rí. Nígbà ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1970, Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì òkè òkun para pọ̀ dá Joint Church Aid sílẹ̀. Láti erékùṣù São Tomé ni ọkọ̀ òfurufú wọn ti ń gbéra lóru lọ sí Uli, níbi tí a ti sọ títì di pápákọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá súnmọ́ ilẹ̀ tán ni wọ́n tó ń tan iná. Ìrìnàjò wọn lé ní 5,000, ẹrù tí wọ́n kó sì tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn aláwàdà ní Jesus Christ Airlines ni JCA dúró fún. Ìjọba àpapọ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ náà, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì tán. Síbẹ̀, ohun kan dá mi lójú: ẹrù náà ìbá jẹrà sí Uli bí kò bá sí ilé ìjọsìn àti ilé ìwòsàn ìjọ ní àwọn abúlé, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ ọmọ tí ebi ń pa.

Ìwé orúkọ ni ó le jù. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, oúnjẹ wà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń pín in, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbàgbé àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì. Ẹ wo orúkọ àwọn méje tí ìjọ yàn láti ṣàtúnṣe: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ó jọ pé láàárín àwọn tí à ń gbàgbé gan-an ni wọ́n ti mú alábòójútó. Bí a bá mú èyí wá sí Ọ̀jọ́, ìwé orúkọ tí Yorùbá nìkan kọ lè fo Hausa Alábà-Ràgó, Ìgbò tí ó yá ilé gbé ní Okokomaiko, àti Ẹ̀gùn apẹja. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá pín oúnjẹ ní etí títì nìkan kò tíì dé Irẹwẹ. Ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ débẹ̀. Iye àpò tí ọkọ̀ náà lè gbà ní ìwọ̀n, epo rẹ̀ ń náni lówó, ìjì sì lè dá a dúró. Bí owó epo náà kò bá sí nínú ìṣirò, Irẹwẹ kò sí nínú ìṣirò nìyẹn.

Ní ìjọ tí mo ń bójú tó nígbà ìsémọ́lé náà, a ní ìrẹsì díẹ̀ láti pín, ìwé orúkọ àwọn ọmọ ìjọ sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ìyá àgbà kan láàárín àwọn ìyá ìjọ ní kí a kọ́kọ́ pe àwọn tí ń ta oúnjẹ ní àdúgbò. Ó ní àwọn ni wọ́n mọ ẹni tí ó ti ń ra oúnjẹ àwìn, àti ẹni tí kò tilẹ̀ wá mọ́. A pè wọ́n, wọ́n sì dárúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú orúkọ tí wọ́n dá ni kò sí nínú ìwé akọ̀wé, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn ni a sì kọ́kọ́ gbé ìrẹsì lọ.