Okùn Tí A Kì Í Ta Ní Kókó

Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí ọkùnrin tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ojú omi ní ìlú Castelnaudary, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, sọ fún wa pé kìlómítà 8 ní wákàtí kan ni òfin gbà lórí Canal du Midi. A ò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí ọkọ̀ bá sáré, ìgbì rẹ̀ á máa jẹ bèbè odò. Ọmọdé tó bá ń sáré ṣeré létí omi yóò fi ọkọ̀ náà sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ dé Le Somail tí a ti máa dá ọkọ̀ padà, nǹkan bí 100 kìlómítà ni. Ẹni tó wọ mọ́tò kò ní lo wákàtí méjì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la san owó rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ẹgbẹ́ wa, àwọn tí ọmọ wọn ti lọ sí yunifásítì, tí ilé ti dá páropáro, ló máa ń bi mí ibi tí àwọn lè lọ sinmi. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n lọ síbi tí iṣẹ́ díẹ̀ wà tí ẹnì kan ṣoṣo ò lè dá ṣe. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwa náà ti ń dá rìn tipẹ́ láìfura. Ọdún 27 la ti fẹ́ra wa, Lọ́ńdọ̀nù la sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ òru, èmi ń ṣe tọ̀sán, bí òun ṣe ń wọlé ni èmi ń jáde, ẹnu ọ̀nà la ti ń kíra.

Ọkọ̀ ńláńlá wà lórí odò Seine, láti Paris lọ sí Rouen, ó sì wà lórí Rhône láti Lyon lọ sí Avignon àti Arles. Nínú wọn, alásè ń sè, atukọ̀ ń tukọ̀, tìrẹ ni kí o jókòó. Wọ́n dára fún ẹni tí ara rẹ̀ ò gba wàhálà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ara bá ṣì le, ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yin méjèèjì máa tù fúnra yín ni kí ẹ háyà. Ní Faransé, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò béèrè pé kí ènìyàn ti ní ìwé àṣẹ atukọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ ló máa kọ́ yín kí ẹ tó gbéra. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan nìkan gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn kí ẹnì kejì máa to ẹrù nínú yàrá. Mo mọ ohun tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa odò náà, torí ẹni tó bá mọ bó ṣe délẹ̀ yóò tukọ̀ lórí rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Pierre-Paul Riquet, agbowó-orí iyọ̀, ló gbé èrò náà lọ bá Colbert, mínísítà Ọba Louis XIV: kí a gbẹ́ odò láti Toulouse, tí odò ibẹ̀ ń ṣàn lọ sí Àtìláńtíìkì, dé etí Òkun Mẹditaréníà, kí ọjà má baà tún máa gba ojú òkun yí ilẹ̀ Spain ká mọ́. Àwọn mìíràn ti ro ó ṣáájú rẹ̀, wọn ò rí ọ̀nà, nítorí ilẹ̀ ga láàárín. Odò tó bá gun òkè, níbo ni yóò ti máa rí omi? Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ; orísun yẹn gan-an ni Riquet fi bẹ̀rẹ̀. Ó kó omi àwọn odò kéékèèké orí òkè Montagne Noire jọ, ó mọ ògiri ńlá ní Saint-Ferréol láti fi dá a dúró, ó wá la ọ̀nà fún un dé Naurouze, ibi tó ga jù lọ. Níbẹ̀ ni omi ti pín: apá kan dorí kọ Àtìláńtíìkì, apá kejì dorí kọ Mẹditaréníà. Ọdún 1666 ni ọba fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Nígbà tí iṣẹ́ gbóná janjan, òṣìṣẹ́ tó 12,000 ló wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ru iyẹ̀pẹ̀ sì wà lára wọn. Riquet ń sanwó fún wọn lọ́jọ́ òjò, ó ń san án lọ́jọ́ Ìsinmi, èyí tó ṣọ̀wọ́n nígbà ayé tirẹ̀. Ó ná owó ara rẹ̀ sí i títí ó fi wọ gbèsè. Ó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 1680. Oṣù Karùn-ún 1681 ni wọ́n ṣí odò náà. Kìlómítà 240, ẹni tó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe é kò rí i ní píparí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí.

Ńṣe ni odò náà ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Níbi àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, yàrá òkúta kan wà tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Écluse làwọn Faransé ń pè é. Ọkọ̀ á wọlé, wọn á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọn á jẹ́ kí omi inú yàrá máa fà, ọkọ̀ á máa bá omi lọ sílẹ̀ títí inú àti iwájú yóò fi dọ́gba, ilẹ̀kùn iwájú á wá ṣí. Bí ẹyin ni Riquet ṣe mọ ọ̀pọ̀ wọn, ikùn wọn fẹ̀, kí ògiri lè gba agbára ilẹ̀ tó ń tì í. Èyí tó kọ́kọ́ mọ gbọọrọ ti wó lulẹ̀.

Ní Castelnaudary, bí a ṣe ń kúrò ní èbúté báyìí, yàrá mẹ́rin tó so kọ́ra wọn ló ń dúró dè wá, Saint-Roch lorúkọ ibẹ̀. Ọkọ mi ló wà nídìí ọkọ̀. A ò tilẹ̀ jíròrò rẹ̀. Òun ló ń wa mọ́tò nílé, òun náà ló lọ jókòó síbẹ̀. Èmi di okùn mú. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé kí a lọ́ okùn mọ́ òpó tó wà lórí bèbè lẹ́ẹ̀kan péré, kí a di orí rẹ̀ mú lọ́wọ́, kí a máa dẹ̀ ẹ́ bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀, kí a má ta á ní kókó láéláé. Yàrá àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ìkejì, afẹ́fẹ́ gbá orí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ mi fi ìdí ọkọ̀ sílẹ̀, ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó so ó bí ẹni ń so àgbò ọdún mọ́lẹ̀. Omi ń lọ. Ọkọ̀ ò lọ mọ́. Apá kan rọ̀ dirodiro mọ́ ògiri, apá kejì ń tẹ̀ sílẹ̀, ife àti abọ́ ń já lulẹ̀ nínú ilé ìdáná. Mo pariwo: “Tú u!”

N ò sọ pé “Ẹ tú u.” Láti ọdún 27, n ò pè é ní “ìwọ” rí, kódà nígbà tí inú ń bí mi. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ, pé ó sì dùn ún ju ewu tí a wà nínú rẹ̀ lọ. Okùn ti le kọjá ohun tí ọwọ́ lè tú. Obìnrin tó ń tọ́jú ilẹ̀kùn omi ló sáré dá omi dúró, ó tún rọ omi padà sínú yàrá náà díẹ̀díẹ̀ títí okùn fi dẹ̀. Kò bú wa. Ó mú okùn, ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan mọ́ òpó, ó wo ojú wa láti mọ̀ bóyá ó ti yé wa.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, n ò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú tán kí n tó kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀rù ló bà mí.” Ó ní, “Ìyá àwọn ọmọ, dìde. Èmi ni mo gba okùn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dì mú.” Ìgbà yẹn ló wá sọ ohun tí kò sọ nílé: ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń ṣú, kò lè fi ojú wọn bí ògiri ṣe jìnnà sí mọ́, ìyẹn ló fi ń dọ́gbọ́n yẹra fún mọ́tò lálẹ́ láti bí ọdún kan. Èmi tí mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò mọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bọ́ sídìí ọkọ̀, ó bọ́ sídìí okùn, apá rẹ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí sì mọ iṣẹ́ náà ju tèmi lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jókòó ti ara yín, kí oníkálukú sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí: ta ni kò mọ̀wẹ̀, ta ni ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún ta ni kò gbà á mọ́. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kó má bọ́ ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó lọ́rùn ní gbogbo ìgbà tó bá wà lókè ọkọ̀.

Ẹ ra ìbọ̀wọ́, torí okùn tó tutù máa ń bó ọwọ́. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ìró àti bùbá dára fún alẹ́ tí ẹ bá lọ jẹun ní Carcassonne, nísàlẹ̀ ògiri ìlú àtijọ́ yẹn. Nídìí okùn, ṣòkòtò ni. Bí ọkọ̀ bá ń sún mọ́ ògiri, ẹ má fi ẹsẹ̀ tì í láé: ọkọ̀ wúwo ju ẹsẹ̀ lọ. Nínú yàrá tó ń sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, torí pèpéle òkúta wà lábẹ́ omi níbẹ̀, bí omi bá fà tán ọkọ̀ lè jókòó lé e. Àwọn olùtọ́jú ilẹ̀kùn máa ń lọ jẹun fún bíi wákàtí kan lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn ò sì ní ṣí. Ẹ̀yin náà ẹ sè tiyín lákòókò yẹn. Ẹni tó bá háyà ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn lóru.

Ọ̀rọ̀ àwọn igi ká mi lára. Igi platane tó tó 42,000 ló ń ṣíji bo odò yìí tẹ́lẹ̀. Ní 2006 ni wọ́n rí àrùn kan lára wọn, èyí tí olú inú igi ń fà, kò sì ní oògùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ti gé tí wọ́n sì sun, wọ́n ń gbin irú mìíràn dípò. Ibì kan wà tí òjìji ṣì ṣú dùdù, ibòmíràn oòrùn ń ta sórí ènìyàn ṣánṣán. Ẹ má so okùn ọkọ̀ mọ́ igi kankan. Òfin kọ̀ ọ́, torí èèpo tí okùn bá bó ni àrùn náà ń gbà wọlé, ọkọ̀ kan sì lè gbé e láti igi dé igi.

Ní ti ìwé ìrìnnà, ẹni tó bá ní ti Nàìjíríà, ì báà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, físà Schengen ló máa gbà. 90 yúrò ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, pẹ̀lú ìwé adójútòfò ìlera tó lè san 30,000 yúrò ó kéré tán. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gbà á wọlé. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Nítorí pé ọkọ̀ kò ní ojúlé, ẹ fi ìwé àdéhùn ọkọ̀ náà hàn, kí ẹ sì so ìwé hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ àkọ́kọ́ àti alẹ́ ìkẹyìn mọ́ ọn.

Ẹ gbé gàrí àti ata gígún dání. Ẹ má gbé ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti ìta ilẹ̀ Yúróòpù wọlé, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Ní Castelnaudary, oúnjẹ ẹ̀wà ni wọ́n fi ń yangàn, cassoulet, tí wọ́n sọ lórúkọ ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń sè é nínú rẹ̀. Ẹ̀wà funfun ni, iná pẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń sè é fún wákàtí púpọ̀ pẹ̀lú ẹran pẹ́pẹ́yẹ. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹ̀yin Mùsùlùmí béèrè kí ẹ tó fi ṣíbí kàn án. Bí ẹ bá sì fẹ́ béèrè ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ kí wọn, ẹ ní “Bonjour” ná. Àwọn Faransé kò fẹ́ràn ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ènìyàn, bí wọn ò ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Oṣù Keje àti Kẹjọ ni owó ọkọ̀ máa ń ga jù, tí èrò sì máa ń tò sẹ́nu ilẹ̀kùn omi. Oṣù Karùn-ún tàbí Kẹsàn-án tẹ́ mi lọ́rùn jù. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń ti odò náà láti tún un ṣe. Ẹni tí àpò rẹ̀ ò ká ọ̀sẹ̀ kan lè wọ ọkọ̀ tó ń fi wákàtí díẹ̀ gbé èrò kiri ní Carcassonne tàbí Béziers. Ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà fa ọkọ̀ láyé àtijọ́ sì wà létí omi, ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń rìn ín, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ní Argens, ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn fún wa ṣí, a sì bọ́ sórí omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ fún kìlómítà 54, láìsí ilẹ̀kùn kan títí di Béziers. Okùn ò níṣẹ́ mọ́. Ọkọ mi ká a jọ, ó wá jókòó tì mí nídìí ọkọ̀. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn oko kòkó bàbá rẹ̀, èyí tí wọ́n tà kó lè rówó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo mọ̀ pé wọ́n ta oko. N ò mọ ẹni tó rà á, n ò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà, n ò mọ̀ pé ó padà lọ wo ibẹ̀ lóun nìkan nígbà tí a lọ sílé sin bàbá. Afárá òkúta Le Somail ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rọra dín ẹ́ńjìnnì kù.