Àkísà Tí Ọmọdé Kò Ní

Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe tó dára ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà ló ti sọ ọ́ di pàṣán. Ọmọ ń wo fíìmù jẹ́ẹ́jẹ́ lórí fóònù rẹ̀, bàbá á yọjú, á ní: "Ẹ̀yin ò tíì rí fíìmù. Ògúndé ló ṣe fíìmù." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọmọ kò ní béèrè ẹni tí Ògúndé í ṣe, bàbá kò sì ní sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ fẹ́ràn ohun tí òun fẹ́ràn, ibi tí ọmọ dé ni kó ti lọ pàdé rẹ̀. Ṣé Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022 ló ń wò? Ó dára. Sọ fún un pé bàbá Kúnlé, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, wà nínú Àjàní Ògún ní 1976, pẹ̀lú Dúró Ládiípọ̀, àti pé Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi ìran kan hàn án. Ìran kan péré. Fíìmù ayé ọjọ́un kì í kánjú, ẹni tí eré oníṣẹ́jú kan ti mọ́ lára, yóò tètè sú u. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Nílé-Ifẹ̀ wa níbí, ohun tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Ní 2022 kan náà ni Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Biyi Bándélé darí jáde lórí Netflix. Eré Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n sọ di fíìmù náà, Death and the King's Horseman, Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e sórí ìtàgé ní 1976. Ṣáájú ìyẹn, ní 1968, àwọn òṣèré Orí Olókun ti ṣe The Gods Are Not to Blame níbí, ìtàn àwọn Gíríìkì tí Ọlá Rótìmí wọ̀ lẹ́wù Yorùbá. Ẹni tó wò ó lọ́mọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa báyìí, nítorí náà ẹ tètè lọ bá irú wọn. Ìròyìn ò tó àfojúbà, àmọ́ ìròyìn ẹni tó fojú bà á sàn ju òfo lọ. Má kàn béèrè pé báwo leré ṣe rí. Wọn á ní ó dùn, ó parí. Béèrè iye tí wọ́n san lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó jókòó tì wọ́n, ohun tí àwùjọ ṣe nígbà tí ọba inú eré náà fọ́ ojú ara rẹ̀. Fóònù ọmọ ni kó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀.

Ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì àtijọ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ó ń lu orin ẹgbẹ́ Cream fún ìyá rẹ̀, ìyá ń di etí. Kí ló dé tí kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ náà, tó wá sí Èkó, tí òun àti Fẹlá sì jọ ṣe àwo ní 1971? Ìyá tó mọ Fẹlá á gbọ́ ìlù yẹn yé. Bí kò bá sì wù ú síbẹ̀, fi í sílẹ̀. Èmi fúnra mi ò tíì gbádùn jìtá tí ń han bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ yẹn, mi ò sì rò pé mo jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ibi tó yẹ ká ti sọ òótọ́ fún ara wa ni ọ̀rọ̀ pínpín fíìmù gan-an. Ní 1982, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, gbé Ọ̀run Móoru jáde. Láyé ìgbà náà, olóhun ló ń gbé fíìmù rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, owó ẹnu ọ̀nà ló sì fi ń rí owó tó ná padà. Kí Bàbá Sàlá tó rí tirẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ayédèrú ti da fíìmù náà sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó ti wọ pálọ̀ onípálọ̀. Gbèsè ló kù fún Bàbá Sàlá. Àwọn tó ra ayédèrú yẹn kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ o. Olólùfẹ́ rẹ̀ ni wọ́n! Wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n tún yá aládùúgbò wọn.

Nítorí náà, bí olóhun tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti gbé eré kan sórí YouTube fúnra wọn, líǹkì tiwọn ni kí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Má ṣe jí i dà kọ sójú ìwé tìrẹ, torí ibi tí èèyàn ti wò ó lowó ń wọlé sí. Kásẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ooru àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́. Bí téèpù inú rẹ̀ bá ti bu, má tì í bọ ẹ̀rọ, ó lè já. Gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dà á sórí kọ̀ǹpútà, kí o sì kọ orúkọ eré, ọdún, àti àwọn òṣèré tí o dá mọ̀ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ eré tí a kò rí níbòmíràn mọ́, mọ̀lẹ́bí ẹni tó ṣe é ni kí o kọ́kọ́ mú ẹ̀dà kan lọ fún, kí o tó fi han ẹnikẹ́ni.