Òṣìṣẹ́ Ṣàìsàn, Iṣẹ́ Dúró: Ọjọ́ Mélòó Ni Ọ̀gá Yóò San?

Ọ̀rọ̀ owó ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kò wá nítorí àìsàn tètè máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan a gé e pátápátá, àwọn mìíràn a máa san án títí àpò wọn yóò fi gbẹ. Òfin kò sọ pé kí wọ́n ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, Labour Act, fi gbèdéke sí i: ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan. Dókítà tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí àìsàn náà. Ìwé oníkẹ́míìsì kò tó. Bí ọjọ́ 12 bá pé, òfin yìí kò fipá mú ọ̀gá san owó mọ́ lọ́dún náà, àfi bí àdéhùn wọn bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni òfin náà kàn. Ti máníjà wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀.

Ìpalára níbi iṣẹ́ yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Bí irin bá gé ìka òṣìṣẹ́ jórinjórin, Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ló kàn án. Àjọ NSITF ló ń sanwó fún ẹni tó fara pa, látinú owó tí àwọn ọ̀gá ń dá. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ni: ẹni tó ń san 300,000 náírà lóṣù yóò dá 3,000. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó wọn o.

Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Bó bá jẹ́ ikú ni, lójú ẹsẹ̀ ni. Ìwé ìbéèrè fún owó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọdún kan sí ọjọ́ ìpalára, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà.

Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀gá a sáré gbé òṣìṣẹ́ lọ sílé ìwòsàn, a sanwó, a sì bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Inú rere ni lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́ àjọ náà. Bí ọwọ́ náà kò bá jinná lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, tí kò sì sí ìwé kankan ní NSITF, ọ̀dọ̀ ọ̀gá yẹn náà ni ìyàwó rẹ̀ yóò máa wá jókòó lóṣooṣù.